Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ẹ̀yà Windows, Linux tàbí Mac Tó Wà Lórí Díìsìkì Tí Kò Ní Àkọlé

Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe jẹun, ìgbà gbogbo ni wọ́n sì ń mú díìsìkì àti fláàṣì tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lára wá bá mi. Ẹni tó mú un wá á ní, "Windows ló wà nínú ẹ̀." Ẹlòmíràn á ní, "Ẹni tó fún mi ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa." Ìyẹn ò tó. Kí n tó da nǹkan sórí ẹ̀rọ ẹni ẹlẹ́ni, mo gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá Windows 10 ni àbí 11, Home ni àbí Pro, bíìtì 32 ni àbí 64, ti kọ̀ǹpútà lásán ni àbí ti server (ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà mìíràn), àti èdè tó ń sọ.

Kì í ṣe àṣejù. Microsoft ti ṣíwọ́ àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ fún Windows 7 láti ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020, ti Windows 8.1 parí ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 2023, ti Windows 10 náà sì kan ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ẹni tí kò mọ èyí tó mú dání lè fi odindi ọ̀sán ṣiṣẹ́ kó tó rí i pé kọ́kọ́rọ́ ìforúkọsílẹ̀ òun kò bá ohun tó fi sórí ẹ̀rọ mu, tàbí pé ẹ̀rọ náà kò ní rí àtúnṣe ààbò kankan gbà mọ́.

Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ilé tí mo ní kí ẹ wò ni fáìlì gan-an tí wọ́n máa tú sórí hard disk yín. Orúkọ tó yọ nígbà tí ẹ fi fláàṣì sí ẹ̀rọ, àwọ̀ ojú ìwé àkọ́kọ́, ọjọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fódà: gbogbo ìyẹn lè ṣini lọ́nà. Fáìlì tó máa di Windows tàbí Linux yín ni kí ẹ bi léèrè.

Kí ẹ tó kì í bọ ẹ̀rọ

Tó bá jẹ́ díìsìkì ni, ẹ wo ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é tẹ̀ sí i lára. CD-R kì í gbà ju nǹkan bíi 700 MB lọ, DVD onípele kan sì ń gba nǹkan bíi 4.7 GB. Windows XP wọ inú CD, ṣùgbọ́n Windows 7 sókè kò lè wọ̀ ọ́. Nítorí náà bí ẹ bá rí CD-R tí wọ́n ní Windows 10 ló wà nínú ẹ̀, irọ́ ni, àyàfi tó bá jẹ́ díìsìkì ìtúnṣe tó kàn ń tan ẹ̀rọ lásán.

Ẹ lo kọ̀ǹpútà tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ láti fi ka inú rẹ̀. Ẹ má fi díìsìkì tàbí fláàṣì tí ẹ ò mọ̀ sílé ẹ̀rọ kí ẹ sì pa ẹ̀rọ náà tàn, nítorí ohun tí mo máa sọ nípa fáìlì tó ń jẹ́ autounattend.xml. Bí ẹ bá ń ki díìsìkì bọ̀ ọ́, ẹ tẹ Shift mọ́lẹ̀ kó má baà dìde fúnra rẹ̀. Ẹ má tẹ setup.exe lẹ́ẹ̀mejì láti fi "wo ohun tó wà níbẹ̀", torí kì í ṣe wíwò nìyẹn, ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn.

Ohun kan tún wà tó ti ba fláàṣì ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Fláàṣì tí wọ́n fi dd tàbí irú ètò bẹ́ẹ̀ kọ Linux sí lè dé orí Windows kí Windows ní òun ò mọ̀ ọ́n, kó sì béèrè pé ṣé kí òun format rẹ̀. Ẹ tẹ Cancel. Fláàṣì náà kò bàjẹ́, ọ̀nà tí wọ́n gbà tò ó ni Windows kò lè kà. Ẹ gbé e lọ sórí ẹ̀rọ Linux, ẹ ó rí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìdílé wo ló ti wá?

Ẹ ṣí i, ẹ wo ohun tó wà lókè pátápátá, kí ẹ má tíì wọ fódà kankan. Fódà sources pẹ̀lú setup.exe àti bootmgr: Windows Vista sókè ni. Fódà I386 pẹ̀lú àwọn fáìlì kéékèèké tí orúkọ wọn fi WIN51 bẹ̀rẹ̀: Windows XP tàbí Server 2003. Fódà casper: Ubuntu tàbí ọmọ rẹ̀. Fódà dists, pool àti .disk: Debian tàbí Ubuntu. Fáìlì .treeinfo tàbí .discinfo: ìdílé Fedora àti Red Hat. Fódà arch: Arch Linux. Bí ẹ bá rí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .iso (ISO ni ẹ̀dà odindi díìsìkì kan tí wọ́n dì sínú fáìlì kan ṣoṣo) bíi mélòó kan, tí fláàṣì náà sì ń jẹ́ Ventoy, ètò ìṣiṣẹ́ púpọ̀ ló wà lórí rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ṣí ISO kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ wo inú efi\boot pẹ̀lú. Bootx64.efi túmọ̀ sí bíìtì 64, bootia32.efi túmọ̀ sí bíìtì 32, bootaa64.efi sì jẹ́ ti ẹ̀rọ ARM. Ìtọ́kasí lásán nìyí, torí díìsìkì àtijọ́ kì í ní fódà efi rárá, àwọn mìíràn sì ní ju ọ̀kan lọ.

Windows: install.wim ló mọ òtítọ́

Láti ìgbà Vista ni Microsoft ti ń di gbogbo Windows pọ̀ sínú fáìlì ńlá kan tó ń jẹ́ install.wim nínú fódà sources. Lórí fláàṣì tí irinṣẹ́ Microsoft fúnra rẹ̀ ṣe, install.esd ni ẹ máa rí, torí wọ́n fún un pọ̀ ju ti wim lọ. Nígbà mìíràn ẹ ó rí install.swm, install2.swm àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n gé fáìlì náà sí wẹ́wẹ́ nítorí pé fláàṣì tí wọ́n tò ní FAT32 kò lè gba fáìlì kan ṣoṣo tó tó 4 GB. Bí ẹ kò bá rí èyíkéyìí nínú sources, ẹ wò ó bóyá fódà x86 àti x64 wà lókè, torí fláàṣì tó gbé bíìtì 32 àti 64 pa pọ̀ máa ń ní sources méjì, ọ̀kan nínú fódà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ṣí Command Prompt ní orúkọ Administrator. Bí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, Error 740 ni yóò dá yín lóhùn. Ká ní D: ni lẹ́tà díìsìkì yín, ẹ lo dism, irinṣẹ́ kan tó wà nínú Windows, kí ẹ kọ:

`dism /Get-WimInfo /WimFile:D:\sources\install.wim`

Èyí á to gbogbo ẹ̀dà Windows tó wà nínú fáìlì náà, kálukú pẹ̀lú nọ́ńbà Index tirẹ̀. Ó ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu pé díìsìkì kan lè gbé Home, Education àti Pro pọ̀. Ọ̀rọ̀ kò tíì parí níbẹ̀, torí orúkọ nìkan ni ìlà yìí ń fi hàn, orúkọ náà sì jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni lè yí padà. Ẹ mú Index kan, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè tó jinlẹ̀:

`dism /Get-WimInfo /WimFile:D:\sources\install.wim /Index:6`

Díẹ̀ nínú ohun tó máa dá padà nìyí, lórí fláàṣì Windows 10 kan tó wà níwájú mi báyìí:

```
Name : Windows 10 Pro
Architecture : x64
Version : 10.0.19041
ServicePack Build : 2006
Edition : Professional
Installation : Client
ProductType : WinNT
Languages :
        en-US (Default)
```

Ìlà Edition ni mo máa ń gbà gbọ́ ju Name lọ. Home ò ní jẹ́ Home níbẹ̀, Core ni wọ́n ń pè é, Home Single Language sì ń jẹ́ CoreSingleLanguage. Bí ẹ bá rí Eval ní ìparí ọ̀rọ̀ náà, bíi ServerStandardEval, ẹ̀dà ìdánwò ni. Ti server máa ń lo ọjọ́ 180, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ yín lẹ́nu. Mo ti rí ibi iṣẹ́ tí wọ́n gbé gbogbo ìwé owó wọn lé irú ẹ̀dà yìí láìmọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò dùn ún gbọ́ nígbà tí gbèdéke pé.

Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà tó wà ní ìlà Version. Ìparí rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà build, ló ń sọ ìtàn. 7600 ni Windows 7 nígbà tó kọ́kọ́ jáde, 7601 ni tirẹ̀ pẹ̀lú Service Pack 1. 9200 ni Windows 8, 9600 sì ni 8.1. Windows 10 ló ní ọmọ púpọ̀ jù: 10240 ni àkọ́bí, 14393 ni 1607, 17763 ni 1809, 18362 ni 1903, 19041 ni 2004. Bí nọ́ńbà bá ti dé 22000, ẹ ti wọ Windows 11 nìyẹn: 22000 ni 21H2, 22621 ni 22H2, 26100 sì ni 24H2. Ẹ má jẹ́ kí "10.0" tó wà níwájú tàn yín jẹ, torí Windows 11 náà ń kọ 10.0 síwájú nọ́ńbà tirẹ̀. Mo ti gbọ́ tí ènìyàn méjì jà lórí fláàṣì Windows 11 tó dára nítorí 10.0 yìí.

Nọ́ńbà build nìkan kò lè ya kọ̀ǹpútà lásán sọ́tọ̀ kúrò lára server. 14393 ni Windows 10 ẹ̀yà 1607, òun náà sì ni Server 2016. 17763 ni 1809, òun náà ni Server 2019. 26100 ni Windows 11 ẹ̀yà 24H2, òun náà ni Server 2025. Server 2022 ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, 20348. Ibi tí ẹ máa wò ni ìlà Installation àti ProductType. Client àti WinNT jẹ́ ti kọ̀ǹpútà lásán. Bí ẹ bá rí Server tàbí Server Core pẹ̀lú ServerNT, ti server ni. Ẹ kíyè sí Server Core dáadáa: kò ní tábìlì ojú kọ̀ǹpútà tí ẹ mọ̀, ojú dúdú tí ẹ ń kọ àṣẹ sí ló máa kí yín káàbọ̀.

Ẹ wá wo fláàṣì tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. 19041 ni dism kọ, ìyẹn ẹ̀yà 2004, àmọ́ 22H2 ni Windows tó wà nínú rẹ̀. Ìdí ni pé Microsoft kọ́ 20H2, 21H1, 21H2 àti 22H2 lé orí ìpìlẹ̀ kan náà, 19041. Àwọn nọ́ńbà 19042 títí dé 19045 kàn jẹ́ bọ́tìnì kékeré tí wọ́n tẹ̀ láti tú àwọn ohun tó ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, dism sì ń ka ìpìlẹ̀. Irú rẹ̀ wà nínú Windows 11 náà: 22631 dúró lórí 22621, 26200 sì dúró lórí 26100. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń wo ServicePack Build pẹ̀lú ọjọ́ tó wà ní ìlà Modified. Ẹ̀dà tí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ ọdún 2020 kò lè jẹ́ 22H2, torí oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni 22H2 jáde. Bí ó bá di dandan kí ẹ mọ̀ láìṣiyèméjì, ẹ fi sórí ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ (kọ̀ǹpútà àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà yín), bíi VirtualBox, kí ẹ kọ winver. Fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, n kì í da ara mi láàmú lórí ìyàtọ̀ àárín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí àtúnṣe kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń gbé wọn láti ọ̀kan dé èkejì.

Tí ẹ ò bá ní agbára Administrator lórí ẹ̀rọ tí ẹ ń lò, ẹ fi 7-Zip ṣí install.wim. Ẹ ó rí fáìlì kékeré kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ [1].xml. Gbogbo ohun tí dism ń kà ló wà nínú rẹ̀: nọ́ńbà build, èdè, ẹ̀dà. Lórí Linux, ẹ fi wimtools sórí ẹ̀rọ, kí ẹ sì kọ `wiminfo install.wim`.

Ìdí tí ojú ìwé àkọ́kọ́ kò fi tó

Àwọn kan á ní, kí ló dé tí a ò kàn tan ẹ̀rọ pẹ̀lú fláàṣì náà, ká tẹ Shift àti F10 pa pọ̀, ká kọ `ver`? Ohun tí `ver` máa kà níbẹ̀ ni Windows kékeré tó ń darí ìfisórí-ẹ̀rọ, inú boot.wim ló ti wá. Boot.wim àti install.wim jẹ́ fáìlì méjì tó dá dúró, kò sì pọn dandan kí wọ́n bá ara wọn mu.

Ẹ gbọ́ irú èyí tí mo bá pàdé. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ mú fláàṣì kan wá, ó ní Windows 10 ni, torí ó ti tan ẹ̀rọ pẹ̀lú rẹ̀ ó sì rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Mo ní kó jókòó, ká jọ bi install.wim léèrè. 10.0.22000 ló dáhùn: Windows 11. Ẹnì kan ti mú fláàṣì Windows 10, ó gbé install.wim ti Windows 11 sínú rẹ̀, kí olùdarí àtijọ́ má baà béèrè TPM 2.0 (ohun ààbò kan tó wà nínú ẹ̀rọ) tí ti Windows 11 máa ń béèrè. Ọgbọ́n yìí ti tàn kálẹ̀ láàrin àwọn tí ẹ̀rọ wọn ti dàgbà. Ẹni tó wo ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan á fi Windows 11 sórí ẹ̀rọ tí kò yẹ, á sì máa ṣe kàyéfì.

Nítorí náà, àwọn nǹkan bíi ojú ewé Details nínú Properties ti setup.exe, tàbí orúkọ díìsìkì bíi CCCOMA_X64FRE_EN-US_DV9, wúlò láti fi dá ìdílé mọ̀ ní kíá. Orúkọ yẹn ń sọ bíìtì 64 àti èdè Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà. Kò sọ ọdún, kò sọ build, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà Windows 10 àti 11 ló sì ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

Fáìlì méjì mìíràn yẹ kí ẹ ṣí pẹ̀lú Notepad. Ei.cfg nínú sources ń sọ ẹ̀dà tí wọ́n ti yàn tẹ́lẹ̀ àti bóyá ti Retail (èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà), OEM (èyí tó bá ẹ̀rọ tuntun wá) tàbí Volume (ti iléeṣẹ́ tó ra púpọ̀) ni. Autounattend.xml tó wà lókè pátápátá ni mo bẹ yín pé kí ẹ má fojú fo. Bí ó bá wà, ó ti dáhùn àwọn ìbéèrè kan ṣáájú yín. Ẹ wá ọ̀rọ̀ WillWipeDisk nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ true, fláàṣì náà lè nu hard disk láìbi yín rárá. Irú fáìlì yìí ti Linux ń jẹ́ preseed.cfg tàbí ks.cfg. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má fi fláàṣì tí ẹ ò mọ̀ tan ẹ̀rọ nìyẹn.

Windows XP àti àwọn àgbà

XP kò ní install.wim, ṣùgbọ́n ó ṣe kedere ju àwọn àbúrò rẹ̀ lọ. Ẹ wo àwọn fáìlì kéékèèké tó wà lókè díìsìkì. WIN51IP ni Professional, WIN51IC ni Home. Server 2003 náà ń lo WIN51: WIN51IS ni Standard, WIN51IA ni Enterprise. Bí ẹ bá rí WIN51IP.SP2 tàbí WIN51IP.SP3, Service Pack tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n kọ sórí yẹn. Fódà AMD64 lẹ́gbẹ̀ẹ́ I386 túmọ̀ sí bíìtì 64. Ẹ ṣí setupp.ini nínú I386, kí ẹ wo ìlà Pid: bí ó bá parí sí OEM, ti ilé iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ ni, bí ó bá parí sí 270, ti àwọn iléeṣẹ́ tó ra púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ó ṣe pàtàkì torí kọ́kọ́rọ́ OEM kò ní ṣí èyí tó jẹ́ 270. Ẹ̀rọ tó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá tàbí ti iléeṣẹ́ ni mo ṣì ń lo XP fún, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì lára rẹ̀.

Linux

Àwọn tó ṣe Linux ń kọ orúkọ wọn síta gbangba, ibi tí ẹ máa wò ni ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Fún Debian, Ubuntu àti àwọn ọmọ wọn, ẹ kọ `cat .disk/info` nínú fódà díìsìkì náà. Àmì ìdánudúró tó wà níwájú orúkọ ló ń fi fódà náà pamọ́ lórí Linux, `ls -a` sì máa fi hàn. Lórí Windows, kì í pamọ́ rárá. Ẹ ó rí irú ìlà yìí:

`Ubuntu 18.04 LTS "Bionic Beaver" - Release amd64 (20180426)`

Ẹ kà á láti òsì sí ọ̀tún. 18.04 túmọ̀ sí oṣù kẹrin ọdún 2018. LTS ni ẹ̀yà tó ní àtúnṣe ọdún márùn-ún, nítorí náà tirẹ̀ ti parí ní 2023 fún ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ fún àfikún. Bí nọ́ńbà kẹta bá wà, bíi 22.04.3, ìyẹn ni ìgbà kẹta tí wọ́n tún ẹ̀dà ìfisórí-ẹ̀rọ ṣe lẹ́yìn tó kọ́kọ́ jáde. Amd64 jẹ́ bíìtì 64 fún Intel àti AMD méjèèjì, kì í ṣe ti AMD nìkan. Nọ́ńbà inú àkámọ́ ni ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ti Debian máa ń fi NETINST sí i bó bá jẹ́ èyí tó ń fa ìyókù láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ mọ ìyẹn kí ẹ tó gbé e lọ síbi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí .disk/info bá sọnù, ẹ wo orúkọ tó wà nínú fódà dists: buster ni Debian 10, bullseye ni 11, bookworm ni 12. Focal ni Ubuntu 20.04, jammy ni 22.04, noble ni 24.04.

Nínú ìdílé Fedora àti Red Hat, .treeinfo ń kọ family, version àti arch ní gbangba. .discinfo kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìlà kìíní jẹ́ nọ́ńbà gígùn kan tó jẹ́ iye ìṣẹ́jú àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, ìlà kejì jẹ́ ẹ̀yà, ìkẹta jẹ́ irú ẹ̀rọ. Ẹ fi `date -d @` níwájú nọ́ńbà gígùn yẹn, á di ọjọ́ tí ojú lè kà. Lórí ẹ̀dà Fedora tó ń ṣiṣẹ́ láìfi sórí ẹ̀rọ, orúkọ díìsìkì ni ẹ máa wò, irú Fedora-WS-Live-38-1-6. Arch kò ní ẹ̀yà, oṣù tí wọ́n ṣe é ló ní, inú arch/version ló wà.

Bí ẹ bá ti tan Linux tó ń ṣiṣẹ́ láìfi sórí ẹ̀rọ, `cat /etc/os-release` ti tó.

Mac

Windows kò lè ka díìsìkì Mac láìsí ìrànlọ́wọ́, torí náà orí Mac ni kí ẹ ti ṣe é. Fláàṣì tí wọ́n fi createinstallmedia ṣe máa ń gba orúkọ bíi "Install macOS Monterey". Ẹni tó bá yí orúkọ náà padà kò lè tètè fi app tó wà nínú rẹ̀ pamọ́, ẹ wo orúkọ app náà. Fún nọ́ńbà gan-an, ẹ ṣí System/Library/CoreServices/SystemVersion.plist, kí ẹ wo ProductVersion. Ẹ má lo nọ́ńbà tí Get Info ń kọ nípa app ìfisórí-ẹ̀rọ náà, torí nọ́ńbà app ni, kì í ṣe ti macOS.

Bí kò bá ṣí rárá

Bí fódà ò bá yọ, ẹ lè ka orúkọ díìsìkì láti ibi tí ìlànà ISO 9660 fi pamọ́ sí, lẹ́yìn báìtì 32808 láti ìbẹ̀rẹ̀:

`sudo dd if=/dev/sr0 bs=1 skip=32808 count=32`

Báìtì 32 péré ni, orúkọ á sì jáde. Bí ẹ bá ti ní fáìlì ISO, `file orúkọ.iso` ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Bí èyí náà bá kọ̀, ẹ tan án nínú ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ tí ẹ ò fún ní hard disk kankan:

`sudo qemu-system-x86_64 -m 4096 -drive file=/dev/sdb,format=raw,snapshot=on`

Níwọ̀n bí kò ti sí hard disk níbẹ̀, kò sí ohun tó lè nù, ẹ ó sì rí gbogbo ojú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn. Ẹ rí i dájú pé /dev/sdb ni fláàṣì yín lóòótọ́. Àṣẹ `lsblk` á sọ fún yín.

Ṣé ojúlówó ni?

Mímọ ẹ̀yà kò fi hàn pé ẹnì kan ò fọwọ́ kàn án. Bí ISO bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ ṣírò SHA256 rẹ̀ (àmì gígùn tó dà bí ìtẹ̀ka fáìlì náà), `certutil -hashfile fáìlì.iso SHA256` lórí Windows tàbí `sha256sum` lórí Linux, kí ẹ fi wé èyí tí àwọn tó ṣe ètò náà gbé síta. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó bá yàtọ̀, ẹ má lò ó. Fún DVD, ẹ kọ́kọ́ fi `isoinfo -d -i /dev/sr0` wo iye blọ́ọ̀kù rẹ̀, kí ẹ ka iye yẹn gan-an pẹ̀lú dd, torí òfìfo tó bá lẹ̀ mọ́ ìparí máa ba ìṣírò jẹ́. Fláàṣì tí wọ́n da fáìlì sí lọ́kọ̀ọ̀kan kò ṣeé fi wé ISO báyìí. Èyí tí n kò bá lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, n kì í gbé e lọ sórí ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni. Mo máa ń gba ISO tuntun láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ín, ó yá ju kéèyàn máa ṣiyèméjì lọ.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀

Ohun tí mo máa ń kọ nìyí: orúkọ, ẹ̀dà, bíìtì, build pẹ̀lú ServicePack Build, èdè, bóyá autounattend wà níbẹ̀, àti bóyá SHA256 bá ti ilé iṣẹ́ mu. Fún fláàṣì òkè yẹn: "Win10 Pro àti àwọn yòókù, x64, 19041.2006, en-US, autounattend kò sí, SHA256 kò tíì ṣe." Lórí díìsìkì, ẹ lo máákà tí wọ́n ṣe fún CD, kí ẹ kọ ọ́ sí àárín gbùngbùn níbi tí ike rẹ̀ mọ́ kedere, torí inkì líle lè jẹ òkè díìsìkì, lórí CD, abẹ́ òkè yẹn gan-an sì ni ohun tí a kọ sí i wà.

Lórí fláàṣì Windows, ẹ lè yí orúkọ rẹ̀ padà nínú kọ̀ǹpútà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé FAT32 kì í gbà ju lẹ́tà 11 lọ. Ẹ má ṣe é fún fláàṣì Linux. Fedora àti àwọn mìíràn ń fi orúkọ fláàṣì wá ara wọn nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tàn, bí ẹ bá yí i padà, kò ní tàn mọ́. Ẹ ya bébà kékeré kan, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára.